Ewúro Àtọwọ́dọ́wọ́

Bí ewúro ẹ̀yìnkùlé bá dàgbà, a máa tanná funfun wẹ́wẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oyin a ya bò ó, atẹ́gùn a sì gbé èso rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó mọ ewúro kì í wá èso rẹ̀ láti gbìn. Igi ni yóò gé. Ẹ̀ka tí a gé lára ìyá, ìyá náà ni lórí ilẹ̀ mìíràn: bí ewé ti ìyá bá fẹ̀, tí kíkorò rẹ̀ kò le jù, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ yóò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí a tọ́ ewé wò kí a tó tọrọ igi. Ewúro kan wà tí a ó fi iyọ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí yóò ṣì korò. Òmíràn wà tí fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ewúro wà nínú ọgbà ní Bahia ní Brazil pẹ̀lú, alumã ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹ̀ka gígé náà ni wọ́n sì fi ń gbìn ín.

Kíkorò yẹn kò mọ sórí ewé. Ní ọdún 1987, ní Mahale ní Tanzania, olùwádìí Michael Huffman àti Mohamedi Seifu, tó mọ egbòogi ilẹ̀ náà dáadáa, ń wo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó bó èèpo ẹ̀ka ewúro, ó ń rún inú rẹ̀ lẹ́nu, ó ń fa omi rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti ń le. Àwọn tó ń run orín ewúro nílẹ̀ wa mọ omi kíkorò náà dáadáa.

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rin ilẹ̀ ló dára jù láti gbin ẹ̀ka ewúro. Orí ẹ̀ka tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń di àwọ̀ eérú, tó nípọn tó àtàǹpàkò, ni kí a mú. Kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lára rẹ̀, nítorí ojú ni èèhù yóò ti yọ. Ọ̀bẹ mímú ni kí a lò. Àdá tó kú a máa fọ́ igi lẹ́nu, omi a sì ráyè wọ̀ ọ́. Ká gé ìdí rẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀, ká gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí a má baà gbìn ín ní ìdoríkodò. Gbogbo ewé ara rẹ̀ ni kí a já. A ó wá ki ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀, kó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí igi ẹ̀gẹ́, a ó tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Ayálégbé tí kò ní ilẹ̀ lè lo kóróbà ọ̀dà tó ti dá lu nídìí.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé tuntun yóò là, inú ẹni tó gbìn ín a dùn pé igi ti mú. Ó lè má tíì mú. Oúnjẹ tí ẹ̀ka náà tọ́jú sára nígbà tó wà lórí ìyá rẹ̀ ni ewé yẹn ń jẹ. Gbòǹgbò lè má tíì yọ rárá. Ẹni tó bá já a sọ́bẹ̀ ti gba ohun tí igi fẹ́ fi ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá fà á tu láti yẹ̀ ẹ́ wò, gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ yóò já. Ẹ fi í sílẹ̀! Kó wà níbòji díẹ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù láìjẹ́ kí omi dúró. Nígbà tí ewé bá dúró gírí lọ́sàn-án tí kò rọ, tí òmíràn sì ń tẹ̀ lé e, nígbà náà ni mo máa ń gbà pé ó ti dá dúró.

Ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Gígé ẹ̀ka sì sàn ju jíjá ewé lásán lọ: ibi tí a gé ni ẹ̀ka mìíràn yóò ti yọ, igi á ṣú, kò sì ní ga kọjá ọwọ́. Ewúro tí a kò gé lè ga tó mítà 5. Ẹ má da àwọn ẹ̀ka tó nípọn lára èyí tí ẹ gé nù. Ẹni tó bá wá tọrọ ewé, ẹ fún un ní igi pẹ̀lú.