Iná Oòrùn: Iṣẹ́ Ọwọ́ Ni

Ní Orè àti Òdígbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú, tí wọ́n sì ń wá iná oòrùn. Ohun náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi irú rẹ̀ han aráyé. Ní ọdún 2018, abúlé Gbámúgbámú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó bá wa pààlà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ohun tí a ń wá ni ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n tò.

Àwọn àgbà ní, ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú ọ̀gá.

Ìṣirò ni ìbẹ̀rẹ̀. Gílóòbù mẹ́rin, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó tàn fún wákàtí 5, yóò jẹ iná 200. Fáànù wáàtì 50 tí ó yí fún wákàtí 6 yóò jẹ 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500. Bátìrì fóltì 12 tí a kọ 100 sí lára ń gba 1,200. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oní-òjé, ìdajì ni kí a máa lò, kí ó má baà tètè kú. Ìdajì náà, 600, tó ilé yìí. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 200 yóò dá ohun tí a lò padà. Ẹni tí kò bá ṣírò, owó rẹ̀ yóò wọgbó.

Lẹ́yìn èyí, ó di orí òrùlé. Gúúsù ni a ń kọjú pánẹ́ẹ̀lì sí, nítorí apá ibẹ̀ ni oòrùn wa máa ń wà jù lọ́dún. A óò dà á díẹ̀, kí òjò lè fọ eruku rẹ̀. Ẹ̀ka igi kan tí ó ṣíji bò ó lè dín iná kù gidigidi.

Nígbà tí a bá ń so wáyà, bátìrì ni a ń kọ́kọ́ so mọ́ kọ̀ntírólà, kí pánẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Bí a bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni a ń kọ́kọ́ tú. Kí ni ìdí rẹ̀? Bí oòrùn bá ti ràn sí pánẹ́ẹ̀lì, iná ti dé. Bí kò bá sí bátìrì níbẹ̀, ó lè ba kọ̀ntírólà jẹ́. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé fíúsì lẹ́bàá bátìrì: bí wáyà méjì bá kan ara wọn láìsí i, ilé lè jó.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ bi ọ̀gá léèrè: ṣé ọmọ yìí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà, àbí irinṣẹ́ ni yóò máa gbé tẹ̀ lé yín kiri?

Ó dàárọ̀ o.