Hẹ́dífóònù Olówó Ńlá: Èwo Ló Gbọ́hùn Dáadáa, Èwo Ló sì Tu Etí Lára?



Tẹ́lẹ̀, bí àwọn ará bá dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀. Lásìkò yìí, hẹ́dífóònù ti wọ̀ ọ́. Ọmọ ń fẹ́ èyí tí owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Sàngó Ọ̀tà kò ká. Bàbá ń béèrè bóyá owó náà kò ní wọgbó. Ìyá ń béèrè bóyá kò ní ba etí ọmọ jẹ́. Ìbéèrè méjèèjì tọ̀nà, ìdáhùn wọn sì so mọ́ra, nítorí náà ni a ṣe fi ojú ìwé ìlera ti oṣù yìí sọ̀rọ̀ lé e.

Etí kì í hù padà

Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tó ká kòrókòrò bí ìkarahun ìgbín, ni àwọn irun wínníwínní tó ń gba ìró wà. Wọ́n tó nǹkan bíi 15,000 ní etí kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bí wa. Àwọn ni wọ́n ń fi ohun tí a gbọ́ ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo àpọ̀jù máa ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ koríko. Bí a bá gba orí koríko kọjá lẹ́ẹ̀kan, á dìde padà. Bí a bá ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ á di ojú ọ̀nà. Irun etí tó bá ti kú kì í hù mọ́ lára èèyàn, kò sì sí oògùn kan lórí àtẹ kẹ́míìsì wa tó lè hù ú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi òdiwọ̀n lélẹ̀. Fún àgbàlagbà, ìró tó wà ní 80 désíbẹ́lì, wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 désíbẹ́lì, wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ìró bá fi désíbẹ́lì 3 ga sí i, ìdajì àkókò náà ló kù. Fún àgbàlagbà, 83 jẹ́ wákàtí 20, 86 jẹ́ wákàtí 10, 89 jẹ́ wákàtí 5. Bó bá dé 100, tí ọ̀pọ̀ fóònù àti íápíìsì lè dé bí a bá ṣí ohùn wọn tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré ni fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Àjọ yìí kan náà sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́ lágbàáyé tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbọ́ nǹkan lè ba etí wọn jẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ ń lọ kì í ṣe ohùn ìlù. Ìró tín-ín-rín, ní àyíká 4,000 Hz, ni ariwo máa ń kọ́kọ́ jẹ. Agbègbè yẹn ni a ti ń gbọ́ s àti f dáadáa nínú èdè wa, ibẹ̀ náà ni a ti ń mọ sīn yàtọ̀ sí thā nínú kéwú. Ẹni tó ń pàdánù rẹ̀ á ní, "Mò ń gbọ́ ohùn yín, ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tí ẹ ń sọ." Ọmọ ilé-kéwú tí etí rẹ̀ ti ń lọ á máa pe lẹ́tà kan ní òmíràn, ààfáà á sì rò pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n lè máa bá a wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Kí ni ohùn tó dára?

Ohùn tó dára yàtọ̀ sí ohùn tó pariwo. Hẹ́dífóònù tó dára máa ń jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti bu ohùn ìsàlẹ̀ kún, tó ń dún gbì-gbì bí ìlù, tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì já gaara mọ́. Ẹni tó ń lò ó á ṣí i sókè kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, etí ló sì ń jìyà rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọ̀kan wò, ẹ lo kíké Àlùkùránì tí ẹ mọ̀ dunjú, bíi ti Sheikh Mahmud Khalil al-Husary ti Íjíbítì. Ẹ ṣí ohùn dé ìdajì péré. Bí ẹ bá mọ ìyàtọ̀ sīn, ṣād àti thā kedere, tí ẹ sì ń gbọ́ bí akéwú ṣe ń mí láàárín ẹsẹ, ohùn rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé àfi kí ẹ ṣí i sókè kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ohun kejì ni ariwo àyíká. Nínú ilé tó dákẹ́, ohùn kékeré ti tó. Nínú bọ́ọ̀sì láti Sàngó lọ sí Òṣòdì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, fèrè ọkọ̀ àti igbe kọ̀ndọ́, èèyàn á ṣí ohùn sókè láìfura. Ibẹ̀ ni hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo ti wúlò. Ó ní gbohùngbohùn kéékèèké tó ń gbọ́ ariwo ìta, yóò wá ṣe ìró tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gan-an, méjèèjì á pàdé, wọ́n á sì pa ara wọn. Inú bàálù ni Dókítà Amar Bose wà ní 1978, tó ń ti Zurich bọ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ èrò náà. Ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò jáde. Ariwo tó ń dún ní ohùn kan náà, bíi ti ẹ́ńjìnnì, jẹnẹrétọ̀ àti fáànù, ni ó ń pa jù. Kì í pa ohùn èèyàn àti fèrè ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ fún ìlera ni pé a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ohùn tó kéré.

Márùn-ún lórí òṣùwọ̀n

Sony WH-1000XM4 jáde ní 2020, ó wúwo tó gíráàmù 254. XM5 tẹ̀lé e ní 2022, ó jẹ́ gíráàmù 250. Méjèèjì ń pa ariwo dáadáa, bátìrì wọn sì ń tó wákàtí 30. XM4 ṣeé ká sínú àpò, XM5 kò ṣeé ká bẹ́ẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ wọn pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a lè dín in kù láti orí fóònù.

Bose QuietComfort 45 jáde ní 2021. Kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 240 lọ, kì í sì fún orí pinpin. Bátìrì rẹ̀ ń tó wákàtí 24. Fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ tàfúsírì fún wákàtí kan tàbí méjì, ìrọ̀rùn rẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀.

AirPods Max ti Apple jáde ní ìparí 2020. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ń pa ariwo. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi ṣe ife rẹ̀, ó wúwo tó gíráàmù 385. Ọrùn ọmọdé kò nílò ẹrù yẹn.

Sennheiser HD 600, ọmọ Jámánì, ti wà láti 1997. Wáyà ló ní, kò sí bátìrì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí, nítorí náà ohùn máa ń tú jáde, ariwo ìta náà sì ń wọlé. Ohùn rẹ̀ bá ti ẹni tó ń kéwú níwájú wa mu gan-an. Inú yàrá tó dákẹ́ ni ibi tirẹ̀, kì í ṣe inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù kò sì lágbára tó láti gbé ohùn rẹ̀ dáadáa bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń ràn án lọ́wọ́.

Beyerdynamic DT 770 Pro, ọmọ Jámánì náà, ní wáyà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dé. Aṣọ múlọ́múlọ́ ló wà níbi tó ń kan etí dípò awọ, èyí tó dín òógùn kù nínú ooru wa. Bí tìmùtìmù rẹ̀ bá gbó, a lè ra òmíràn sí i dípò ká sọ gbogbo rẹ̀ nù. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé nínú ilé, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú márààrún.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Èyí tí ẹ bá rí ní ìdá mẹ́wàá iye rẹ̀ ní Alábà tàbí ní ẹ̀gbẹ́ títì, orúkọ nìkan ni wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Ìrọ̀rùn fún àwa Mùsùlùmí

Hẹ́dífóònù tó ń bo etí gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ àyíká etí ní gbogbo ọ̀nà. Apá awò ojú àti aṣọ híjáàbù máa ń ṣí àlàfo sílẹ̀, ohùn á jò, ariwo á wọlé, ẹni náà á sì ṣí i sókè. Ẹ̀yin ìyá àti ọmọbìnrin wa lè fi í sí abẹ́ híjáàbù, kí aṣọ wá sórí rẹ̀, dípò kí aṣọ wà láàárín rẹ̀ àti etí. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15 ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń dun àtàrí tàbí ẹ̀yìn etí láàárín àkókò yẹn, kò ní dára sí i nílé. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣí i kúrò, kí etí gba atẹ́gùn.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, láti Sàngó títí dé Agbara, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti tó 85 désíbẹ́lì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń de hẹ́dífóònù orin sórí ariwo náà, wọ́n ní ó ń dáàbò bo àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hẹ́dífóònù orin, bó ti wù kó wọ́n tó, kì í ṣe ìbòtí tí wọ́n ṣe tí wọ́n sì dán wò fún ariwo ilé-iṣẹ́. Ṣe ni ó ń fi ìró kún ìró, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ fọ́kílífùtì tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ìbòtí iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ẹ sì lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má de hẹ́dífóònù sọdá títì Èkó sí Abẹ́òkúta.

Ìmọ́tótó àti oògùn

Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni à ń ṣe àlùwàlá, omi sì ń kan etí. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí kí ẹ tó ki íápíìsì bọ̀ ọ́, pàápàá lẹ́yìn ìwẹ̀ jánábà. Omi tí a dé mọ́nú etí máa ń fa ìyún, ìrora àti ọyún. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nu tìmùtìmù hẹ́dífóònù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní íápíìsì tirẹ̀. Ẹ má fi òwú orí igi, ìyẹ́ adìẹ tàbí ṣáná wa etí. Ẹ̀gbin etí ni wọ́n ń tì wọlé. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ má kán ohunkóhun sí i, ì báà ṣe àdín, kí dókítà tó wo ìlù etí.

Àwọn oògùn kan wà tó lè ba etí jẹ́: abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin, kuiníìnì, àti asipirín-ìnnì tó pọ̀ jù. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ gentamicin lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn nítorí ibà lásán. Bí etí bá ń hó nígbà tí ẹ ń lo oògùn, ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn kíákíá. Bí etí kan bá ṣàdédé di, tí kò gbọ́ràn mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá pẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Kí ni ká wá rà?

Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, tí Ọlọ́hun sì fún ní agbára, kó ra èyí tó ń pa ariwo. Ẹni tó ń lò ó nínú ilé, kó ra èyí tó ní wáyà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ìkankan nínú wọn, kó fi ọkàn balẹ̀: hẹ́dífóònù kékeré tó bo etí dáadáa, tí a ṣí dé ìdajì, sàn fún etí ju ti olówó ńlá tí a ṣí tán lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ wọ inú ètò fóònù ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ fi òpin sí bí ohùn ṣe lè ga tó. Ọ̀fẹ́ ni.

Amáànà ni ìgbọ́ran tí Ọlọ́hun fún wa, a ó sì jíhìn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun má gba etí lọ́wọ́ wa, kó jẹ́ ká máa gbọ́ ìpè ìrun títí dé òpin ẹ̀mí wa. Àmín.