Eré Àsápajúdé àti Epo Inú Ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù May, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé òun ò ní san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló máa ń ṣírò owó bẹntiróòlù kí wọ́n tó jáde nílé. Owó epo ò sí níkàáwọ́ wa, ṣùgbọ́n eré tí à ń sá wà níkàáwọ́ wa. Báwo ni eré ṣe ń jẹ epo?

Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ṣe ló máa ń ti afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìtakò afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá ti orí 80 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 120, ìtakò náà á ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo ni ẹ́ńjìnnì sì máa fi borí rẹ̀.

Kí wá ni èrè ibẹ̀? Nínú ìrìn 80 kìlómítà, ẹni tó sá 120 á fi ogún ìṣẹ́jú péré ṣáájú ẹni tó rọra sá 80. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, kòtò tàbí ọkọ̀ àjàgbé kan ti tó láti gba ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn padà. Gbogbo ìgbà tá a bá sì tẹ bíréèkì lójijì, eré tá a fi epo rà la dà nù.

Èyí ò wá ní ká máa fà bí ìgbín. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń jó epo láìlọ síbì kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, eré tó dọ́gba, tí kò ju nǹkan bí 80 lọ, nínú jíà gíga, ló ń ṣọ́ epo jù.

Nígbà tí epo wọ́n ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin lọ́dún 1974 pé kí ọkọ̀ má ṣe sáré ju nǹkan bí 88 kìlómítà ní wákàtí kan. Iye àwọn tó kú lójú pópó dín kù lọ́dún yẹn. Ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀ràn ẹ̀mí ló mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní yunifásítì nígbà náà, ṣiṣẹ́ lórí ààbò ojú pópó. Òun ló di alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lọ́dún 1988.

Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì máa yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó á ṣẹ́kù, ẹ̀mí náà á sì délé.