Sùpàgẹ́tì, Adìẹ àti Họ́mónù Ara Wa



Lẹ́yìn Àsáláátù ọjọ́ Àìkú, níbi tábìlì tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní mọ́ṣáláṣí, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn obìnrin wa: kí làwọn lè lò kí họ́mónù àwọn lè tò? Láìpẹ́ yìí, arábìnrin kan mú ìgò àgbo wá hàn wá. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, kò sì lóyún. Dókítà ti fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n ó ti pa á tì nítorí àgbo náà. A ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà la bi í pé kí ló ń jẹ lálẹ́. Ó ní, "Sùpàgẹ́tì ni, òun ló yá jù." A kò ní kó má jẹ ẹ́ mọ́. Bí yóò ṣe máa sè é la kọ́ ọ.

Họ́mónù dà bí ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri inú ara. Ọ̀kan nínú wọn ni ínsúlínì, tó ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àìsàn tí à ń pè ní PCOS, ínsúlínì kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ara á wá máa ṣe púpọ̀ sí i, ilé ẹyin á sì máa tú họ́mónù ọkùnrin jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan oṣù á máa ṣe ségesège, irun á máa hù ní àgbọ̀n. Sùpàgẹ́tì rẹpẹtẹ láìsí ẹran tàbí ẹ̀fọ́ a máa gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Bí adìẹ àti ẹ̀fọ́ bá bá a rìn, á rọra gòkè.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá ìdajì ọ̀rá sùpàgẹ́tì (gíráàmù 250), ìdajì kílò adìẹ aláìléegun tí a fi Bìsìmílà pa, kárọ́ọ̀tì mẹ́ta, ìdajì kábéèjì, ùgú ẹ̀kúnwọ́ méjì, tòmátì, ata, àlùbọ́sà, òróró ṣíbí méjì àti mágì kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá máa fọ adìẹ, inú abọ́ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí omi rẹ̀ má ta sí nǹkan mìíràn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó kí ẹ tó gé ẹ̀fọ́. Ẹ bọ sùpàgẹ́tì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí ẹ sẹ́ ẹ nígbà tí kò tíì rọ̀ jù. Bó bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe ń tètè di ṣúgà. Ẹ din àlùbọ́sà àti adìẹ títí inú adìẹ á fi funfun. Ẹ da ata, tòmátì, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá da sùpàgẹ́tì sí i, kí ùgú kẹ́yìn.

Nínú àwo, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì, kí adìẹ àti sùpàgẹ́tì pín ìdajì kejì. Omi ni kí ẹ mu sí i, kì í ṣe mínírà.

Oúnjẹ yìí kì í ṣe oògùn. Ẹni tí kò rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́ta, kó lọ rí dókítà. Ẹni tó ń lo metformin tàbí oògùn mìíràn, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Ọlọ́hun ti kìlọ̀ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu fún wa nínú Súrátùl Áráfù (7:31). Inú ìkòkò wa ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ilé wa ní àlàáfíà. Àmín.