Ooru Ngomari kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọlé: ọ̀rá ara lọ́wọ́ sí i

Láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún, oòrùn Maiduguri kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Ooru a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àsìkò yìí ni àwọn ìyá ilé máa ń ráhùn pé àwọn ro àmàlà, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán. Àwọn kan ní ibà ni. Ibà lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru fúnra rẹ̀ náà ń fà á.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀rá kàn jókòó sí ikùn lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ṣàwárí leptin, họ́mọ̀nù tí ọ̀rá fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà ní àká. Òmíràn ni adiponectin, tó ń ran insulin lọ́wọ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ríbi wọlé.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Italy tẹ ìwádìí jáde lórí èkúté tí wọ́n fi sínú ooru fún ìgbà pípẹ́: họ́mọ̀nù méjèèjì pọ̀ sí i. Èkúté kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Bí oúnjẹ bá ń dà nínú, ó ń mú ooru wá. Ara tí ooru ti ń dà láàmú kò fẹ́ kí a tún fi igi síná. Màlúù náà kì í jẹun dáadáa nínú ooru, wàrà rẹ̀ a sì dín kù.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ ṣùgbọ́n tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Á máa làágùn, á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú u, àwọn ará ilé á sì ní ooru ni. Bí kò bá tíì dákú, ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà mu, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn rẹ̀ dín kù fúnra rẹ̀; dókítà ni kó bi.

Ooru a máa ba insulin jẹ́ pẹ̀lú. Bí iná kò bá sí, ẹ ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, kí ẹ da iyanrìn sáàárín wọn, kí ẹ máa fi omi rin ín, bí Mohammed Bah Abba ṣe kọ́ àwọn ará Jigawa.

Ẹ jẹun kí oòrùn tó mú àti nígbà tó bá rọ̀: ẹ̀kọ mímu, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀wà. Ẹ máa rán àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé létí omi. Ohun tí a torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ara líle la ó fi jẹ ẹ́ o.