Má Fi Pupa De Ohun Tí Wàá Tú

Ẹ̀bá odò nítòsí ọjà Pessu ní Warri ni ọ̀gá mẹkáníìkì ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Yamaha kan sílẹ̀. Bóòtù méjì ti já bọ́ sómi lọ́nà Burutu, ẹ̀kẹta sì ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọlọ́kọ̀ ń fi pijin pariwo pé kí wọ́n bá òun lẹ̀ ẹ́ débi tí kò ní í tú mọ́ títí ayé.

"Títí ayé kẹ̀?" Ọmọ Ìlàjẹ ni ọ̀gá, Yorùbá ló sì fi bá mi sọ ọ́. "Ta ló máa wá tú u lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́?"

Gọ́ọ̀mù tó fi ń de bóòtù kó má baà tú ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, la bá jọ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì lọ. Ó ní gbígbọ̀n ló ń ba nǹkan jẹ́: eyín bóòtù á máa yọ̀ lórí eyín nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí ìdè á fi dẹ̀, wáṣà elésìpíríǹgì ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á sílẹ̀. Súpà gúlù làwọn kan ń dà sí i. Èmi ti rí ẹni tó jí ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, pupa ni gbogbo ìgò Loctite, gọ́ọ̀mù tí a wá rà, tó wà lórí pẹpẹ. Ohun tó wà nínú wọn ló yàtọ̀, nọ́ńbà ara ìgò sì lèèyàn gbọ́dọ̀ kà. 222 jẹ́ elésè àlùkò, ti skúrù kéékèèké ni. 243 jẹ́ búlúù, sípánà lásán máa tú u. 271 ni pupa gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ fi iná yan án dé nǹkan bí 250°C. 290, aláwọ̀ ewé, ṣàn bí omi, ó sì máa ń wọnú bóòtù tí wọ́n ti dè tẹ́lẹ̀.

"Èyí ló lágbára jù," ni ọmọ ṣọ́ọ̀bù wí, ó na 271 sí wa. Ohun tí gbogbo oníbàárà ń bèèrè nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Kì í ṣe èyí tó lágbára jù ló yẹ ká máa wá, bí kò ṣe èyí tí a óò lè tú nígbà tí a bá fẹ́ tú u. Bí wọ́n bá fi pupa de bóòtù tẹ́ẹ́rẹ́ sára ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù, orí bóòtù lè ṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tú u. 243 ni ọ̀gá mú.

Mo ṣàkíyèsí pé ìgò náà kò kún. Ẹ má pe ìyẹn ní jìbìtì o. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yìí máa ṣàn, ìgbà tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mọ́ láàárín irin méjì ló ń gan. Ní ilé iṣẹ́ General Electric, wọ́n ní láti máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láìdáwọ́ dúró. Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Trinity College, Hartford, ní Amẹ́ríkà, ló wá ọ̀nà àbáyọ ní 1953, tí ó fi ṣeé tà nínú ìgò. Henkel ti Jámánì ló ra ilé iṣẹ́ Loctite ní 1997.

Bàbá ọdẹ kan wọlé, skúrù kékeré ara ìbọn rẹ̀ ló ń dẹ̀. Ọ̀gá kí i tán, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ìbọn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ò fi ìbọn ṣeré, ọ̀gá sì béèrè bóyá ìwé àṣẹ wà. Ó wà. "Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta inú rẹ̀ tán, bàbá. 222 ni kẹ́ ẹ lò, ẹ̀kán kan péré lára eyín skúrù. Bó bá ṣàn dé ibi tí irin ti ń sún, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má gba pupa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Iná tẹ́ ẹ máa fi tú u á jó igi ìdí ìbọn, á sì ba irin tí wọ́n ti sè le jẹ́." Bàbá ní kí wọ́n fi búlúù kún un fún skúrù ńlá.

Nígbà tí a padà sódò, fífọ̀ ló gba àkókò jù. Omi iyọ̀ àti epo ti dì mọ́ eyín bóòtù, ọ̀gá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ó fi tínà fọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kó tó kán gọ́ọ̀mù sí i. Bóòtù tuntun náà jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì, gọ́ọ̀mù kì í sì í tètè gan lára irú irin bẹ́ẹ̀ bíi lára irin lásán.

Ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò. Ọ̀gá ní ó di ọ̀la, odindi wákàtí 24, kí gọ́ọ̀mù lè gan dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà nípa ta ló máa san owó èrò tó bá lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn.