ÀMÌ ỌJỌ́-ORÍ LÓRÍ SINIMÁ ADẸ́RÙBANI ÀTIJỌ́: Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé Yorùbá ń gbé lónìí, kò sí àwo sinimá tí a ń tà fún wíwò nínú ilé tí a kì í wá àmì kékeré kan lára páálí rẹ̀, èyí tí ń sọ ọjọ́-orí ẹni tí ó yẹ kí ó wò ó. Bí òbí bá mú Frankenstein, tí James Whale ṣe ní 1931, àmì PG ni yóò bá níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọdé lè wò ó, ṣùgbọ́n kí òbí kọ́kọ́ rò ó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ariwo tí sinimá yìí kan náà dá sílẹ̀ nígbà náà wà lára ohun tí ó mú kí a dá àmì ọ̀tọ̀ sílẹ̀ láti kìlọ̀ fún àwọn tí ó ní ọmọ. Ǹjẹ́ sinimá ni ó yí padà ni, tàbí àwa ènìyàn? Ó tọ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọkàn ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń fi dán nǹkan wò.

Ní 1912 ni àwọn oníṣòwò sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní BBFC sílẹ̀. Àmì méjì ni ó kọ́kọ́ ní: U fún tolórí-tẹlẹ́mù, àti A fún èyí tí ó yẹ àgbà jù. Ní 1932 ni àmì H dé, láti fi sàmì sí sinimá adẹ́rùbani. Nígbà tí ó sì di 1937, a kò gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 wọlé wò ó rárá. X gba ipò H ní 1951. Ní 1970 a gbé ọjọ́-orí X sókè láti 16 sí 18, nígbà tí ó sì di 1982, a fi PG, 15 àti 18 kún U. Àmì 12 tẹ̀ lé wọn ní 1989.

Kí òǹkàwé wa wo ohun tí ojú sinimá kan rí. Island of Lost Souls jáde ní 1932, láti inú ìwé H. G. Wells. Ó sọ ìtàn oníṣègùn kan tí ń fi ọ̀bẹ sọ ẹranko di ènìyàn ní erékùṣù kan. Ìgbìmọ̀ kọ̀ ọ́ ní 1933, ó kọ̀ ọ́ ní 1951, ó tún kọ̀ ọ́ ní 1957. Ní 1958 ni a tó fún un ní X, lẹ́yìn tí a ti gé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e jáde fún ilé ní 2011, PG ni a fún un, láìgé ohunkóhun. Ọdún 78 ni ó wà láàrin kíkọ̀ àkọ́kọ́ àti àmì yìí!

Àwọn àgbà wa wí pé ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Àwọn tí ó ń wo sinimá lónìí ti rí ohun tí ó burú ju àwòrán dúdú àti funfun lọ, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àwọn ènìyàn ni ó yí padà. Sinimá kò yí.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé gígé ni ààbò. Nínú Frankenstein, ọmọdébìnrin kan ń bá ẹ̀dá abàmì náà ṣeré létí omi, àwọn méjèèjì ń ju òdòdó sójú omi kí ó lè léfòó. Nígbà tí òdòdó tán lọ́wọ́ ẹ̀dá náà, ó rò pé ọmọ náà yóò léfòó bí òdòdó. Ó gbé e jù sínú omi, ọmọ sì kú. Àwọn agésinimá yọ èyí kúrò. Ohun tí ó kù ni ibi tí ó ti na ọwọ́ sí ọmọ náà, lẹ́yìn èyí ni bàbá gbé òkú ọmọ rẹ̀ la àárín ìlú kọjá. Àwọn tí ó wò ó wá ro ohun tí ó burú ju òtítọ́ lọ, wọ́n sì ka àìmọ̀kan sí ìwà ìkà. Ní nǹkan bí 1980 sí 1989 ni a tó dá ibi tí a gé padà, òun náà sì ni ó wà nínú àwo tí a ń tà nísinsìnyí.

Nígbà tí fídíò wọ inú ilé, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn. Sinimá ní aṣọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Yàrá ilé kò ní. Nítorí náà ni a fi ṣe Òfin Fídíò ní 1984, tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta fídíò tí a fún ní 15 tàbí 18 fún ẹni tí ọjọ́-orí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. The Exorcist, tí ó ti gba X ní ilé sinimá ní 1974, kò rí àmì gbà fún ilé títí di 1999, nítorí ìgbìmọ̀ bẹ̀rù pé àwọn ọ̀dọ́ yóò rí i wò nínú ilé.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin 1993 dá ìgbìmọ̀ ayẹ̀wò fíìmù àti fídíò sílẹ̀, tí ń fún wọn ní àmì. Síbẹ̀ kò sí ìgbìmọ̀ tí ó mọ ọmọ yín bí ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ṣe òṣùwọ̀n PG. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ kan a máa sùn fọnfọn, èkejì a sì máa ké lóru.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ wo sinimá náà fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tí ó bá ń wò ó, kí ẹ sì dá a lóhùn bí ó bá béèrè. Àwọn ìyá wa àgbà pa àlọ́ iwin àti ọ̀rọ̀ inú igbó fún wa, ẹ̀rù sì bà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ni a wà, a sì ń bá wọn gbe orin. Ẹ̀rù tí ọmọ bá pín pẹ̀lú àgbà a máa di ọgbọ́n. Èyí tí ó bá dá nìkan kó sínú òkùnkùn, òun ni ó yẹ kí a máa ṣọ́.